Òṣùwọ̀n wo ló tó ìwé ìtàn wọ̀n?

Ní 1957 àti 1958, Édouard Dunglas gbé ìtàn Àgbómẹ̀, Kétu àti Ouidah jáde nínú Études dahoméennes, ìwé ìwádìí àtìgbàdégbà tí IFAN ń tẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Báwo ni a ó ṣe mọ ipa irú ìwé bẹ́ẹ̀?

Òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ni facteur d'impact, tí Eugene Garfield gbé kalẹ̀. Wọn a ka iye ìgbà tí a tọ́ka lọ́dún kan sí àpilẹ̀kọ tí ìwé náà tẹ̀ ní ọdún méjì tó ṣáájú, wọn a sì fi iye àpilẹ̀kọ náà pín in.

A kò kẹ́gàn ìṣirò yìí. Ṣùgbọ́n ìtàn orílẹ̀-èdè kì í gbó lọ́dún méjì. Títí di òní, àwọn òpìtàn Kétu ṣì ń padà sọ́dọ̀ Dunglas. Ọmọ Kétu tó mọ̀ pé Dahomey fọ́ ìlú òun ní 1886, tí òun àti ọmọ Àgbómẹ̀ sì jọ di ọmọ orílẹ̀-èdè kan ní 1960, ìṣirò wo ni yóò ka tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè kan kún un: ǹjẹ́ ìmọ̀ tí a gbà lẹ́nu àwọn àgbà ti padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn, ní èdè tí wọ́n gbọ́?