Iṣẹ́ Àwọn Oníṣòwò Ọjà Owó: Ta Ni Ń Ṣọ́ Wọn?

 

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá bá mi. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ, òun náà sì ti ń dá owó nínú ẹgbẹ́ láti bí ọdún mẹ́ta, kò jẹ gbèsè rí. Níbi tí a ti máa ń kọ ohun tí a fẹ́ fi owó ṣe, ó kọ “òwò ọjà owó.” Mo bi í pé irú ọjà wo nìyẹn. Ó ní, “Bọ̀dá Akọ̀wé, iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀n ni, sà. Wọn a jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọn a ra dọ́là, wọn a tà á, wọn a ra wúrà, wọn a tà á. Orí fóònù mi yìí ni n ó ti máa ṣe é.” Ìyá rẹ̀ ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró kìn-ín-ní.

N kò bá a jà. Mo ní n ó kọ ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà sínú ìwé ìròyìn wa, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń béèrè.

Ní àkọ́kọ́, iṣẹ́ gidi ni. Ní Èkó níbí, 1961 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà ìpín, ìyẹn ìpín tí ènìyàn ń rà nínú ilé-iṣẹ́. Títí di 1999, inú yàrá kan ni àwọn alágbàtà ìpín máa ń jókòó sí. Òṣìṣẹ́ ọjà yóò pe orúkọ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ rà yóò sọ iye tí òun lè san, ẹni tó fẹ́ tà yóò sọ iye tí òun lè gbà, wọn yóò sì kọ ọ́ sára pátákó. Bí a ti ń ná iṣu ní Bódìjà náà ni, àfi pé wọn kì í bú ara wọn. Ní April 27, 1999 ni kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ pátákó. Alágbàtà ìpín ní ìdánwò tó gbọ́dọ̀ yege, ó sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Èyí tó kan àwọn àgbẹ̀ wa ni ti kòkó. Ní Lọ́ńdọ̀n àti New York, wọ́n ń ta kòkó tí a kò tíì ká. Wọn á fi ẹnu kò lónìí lórí iye tí wọn yóò san ní oṣù tó ń bọ̀ níwájú, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá-mẹ́wàá sì ni ìwé àdéhùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ irú rẹ̀: ṣebí alágbàtà máa ń fún àgbẹ̀ lówó nígbà tí kòkó ṣì wà ní òdòdó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe òwò yìí kì í fojú kan èso kòkó kan. Wọn á ti ta ìwé náà kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n ní July 2010, ilé-iṣẹ́ Anthony Ward ní Lọ́ńdọ̀n jókòó de ọjọ́, ó sì gba kòkó náà fúnra rẹ̀, ó lé ní 240,000 tọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹni tó ra ìwé kòkó kì í san owó rẹ̀ tán. Díẹ̀ ni yóò fi sílẹ̀ bí àsansílẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọjà yóò ṣírò èrè àti àdánù rẹ̀. Bí ó bá pàdánù, yóò mú owó kún un. Bí kò bá rí i mú wá, wọn yóò ti ọjà rẹ̀ pa, bí iye náà tilẹ̀ máa padà bọ̀ sípò lọ́la. Ní March 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 ní New York. Nígbà tó di December ọdún yẹn, ó kọjá $12,000. Kí 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ọ̀pọ̀ ni owó rẹ̀ tán nígbà tó ń gòkè, ọ̀pọ̀ ni tirẹ̀ tán nígbà tó ń bọ̀.

Nítorí èyí, bí ilé-ìfowópamọ́ bá gba ènìyàn sí iṣẹ́ yìí, wọn a sọ iye tó lè rà fún un, wọn a sì sọ iye tó lè pàdánù. Bí ó bá ti kan iye yẹn, ó di kí ó gbé ọwọ́ kúrò. Ẹlòmíràn, nínú yàrá mìíràn, ló ń ṣírò ohun tó rà, tó sì ń san owó. Owó oṣù ló ń gbà. Owó tó fi ń rà tó fi ń tà kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1762 ni ilé-ìfowópamọ́ Barings ti wà ní Lọ́ńdọ̀n. Ní 1992, wọ́n rán ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nick Leeson lọ sí Singapore. Ọmọ ọdún 25 ni. Òun ló ń rà tó ń tà, òun náà ni wọ́n tún fi ṣe olórí àwọn tó ń kọ ìwé owó. Nígbà tí àdánù dé, ó kó o pamọ́ sínú ìwé-owó kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 88888. Ní January 17, 1995, ilẹ̀ mì ní Kobe ní ilẹ̀ Japan, ọjà ìpín ibẹ̀ sì já. Dípò kí ó dúró, ńṣe ló tún ń rà sí i, kí ó lè gba èyí tó ti lọ padà. Kí oṣù February tó parí, àdánù náà ti kọjá 800 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, ó ju gbogbo owó tí ilé-ìfowópamọ́ náà ní lọ. Pọ́n-ùn kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ ING ti ilẹ̀ Netherlands fi rà á. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n dá fún Leeson.

Àwọn kan nínú wa máa ń kùn pé Akọ̀wé á kọ, Akápò á san, ayẹ̀wé-owó-wò á tún wá wò ó, pé gbogbo rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Bó bá tún ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ rántí nọ́ńbà yẹn.

Èmi náà ti jẹ níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, gbogbo ayé ló ń ra ìpín. Mo yá owó ní ilé-ìfowópamọ́ kan, mo fi ra ìpín, ìpín náà ni mo sì fi dúró. Ní March ọdún yẹn, òṣùwọ̀n ọjà ìpín wa lé ní 66,000. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti já sí nǹkan bí 20,000. Wọ́n ta ìpín mi nígbà tó wà nílẹ̀ pátápátá, mo sì tún ń san gbèsè tó kù. Mo ta ọ̀kadà mi. Ìyàwó mi kò mọ̀ títí lẹ́tà wọn fi dé ilé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé “ó tó báyìí,” nítorí n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ti orí fóònù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni í lè jẹ́ kí o fi $100 ra ohun tó tó $10,000. Bí iye rẹ̀ bá fi ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sẹ́yìn, $100 rẹ ti lọ. Ní 2018, àwọn aláṣẹ ọjà owó ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwé-owó àwọn ènìyàn lásán tó ń ṣe irú òwò yìí, 74 títí dé 89 ló ń pàdánù. Wọ́n sì pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa kọ iye tirẹ̀ sínú ìpolówó rẹ̀.

Mo ka èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà kí n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn atẹ̀wé. Ó ní, “Àwọn tó kù ńkọ́, Bọ̀dá Akọ̀wé?” Òótọ́ ló sọ, àwọn tó ń jèrè wà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo wá bi í pé ta ni yóò máa sọ fún un pé ó tó fún òní. Ó ní òun fúnra òun ni.

Mo gba ìsọ̀ ìyá rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kejì. Ìyá gbọ́ gbogbo àlàyé mi, wọ́n ń ká àǹkárá lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, bí aṣọ mi ò bá tà, aṣọ ṣì wà nílẹ̀. Bí owó yẹn bá lọ, ẹrù wo ni wọ́n máa kó fún wa?”

Mo ní, “Kò sí, mà.”

Wọn kò tíì sọ pé àwọn yọ orúkọ wọn. Ìgbìmọ̀ yóò yẹ fọ́ọ̀mù náà wò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ó ṣì wà nínú fáìlì lọ́dọ̀ mi, àyè onídùúró kejì sì ṣófo síbẹ̀.