Bí Epo Bá Dà Sílẹ̀ Nínú Ilé Ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá wa, ibo lẹ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì yín sí? Bó bá dà sílẹ̀ lóru òní, ta ni yóò ṣe kí ni?

Níbi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí nínú táńkì ńláńlá, wọ́n máa ń mọ odi yí táńkì ká, kí èyí tó bá jò má baà ṣàn lọ. Ẹ fara wé wọn. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tó ní ọmọrí sínú ọpọ́n ike níta, kó jìnnà sí iná àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé garawa yanrìn sí tòsí.

Bó bá dà, ẹ má ṣáná, ẹ má sì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń tan iná mànàmáná. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ da yanrìn lé e. Ẹ má fomi ṣàn án lọ sí gọ́tà, ó lè wọ kànga.

Kẹrosíìnì inú ike omi ló ń bà mí lẹ́rù jù. Omi lọmọdé máa pè é. Bó bá mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì jẹ́ kó bì. Bó bá ń bì ni kẹrosíìnì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò tíì wúkọ́.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.