Amúlétutù Wo Ni Ó Yẹ Ilé Wa: Ti Yàrá Kan Tàbí Ti Gbogbo Ilé?



Láti oṣù kejì títí dé oṣù kẹrin ni ooru máa ń mú jù ní agbègbè Òkè-Ògùn wa. Ní ọdún 2024 àti 2025, inú àkókò ooru yìí gan-an ni ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí. Àgbàlagbà tí ó gba ààwẹ̀ lọ́sàn-án, tí kò sì rí oorun sùn lóru lábẹ́ páànù gbígbóná, ara rẹ̀ á tètè rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará ní Ilua fi máa ń béèrè lẹ́yìn àsàlátù pé: "Àwọn ọmọ wa fẹ́ ra amúlétutù sílé. Ṣé èyí tí wọ́n ń kọ́ mọ́ ògiri ni kí wọ́n rà, tàbí èyí tí ń fẹ́ sí gbogbo ilé láti òkè sílíìnì?"

Bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ti ara ògiri, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sípílíìtì, ní apá méjì: ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan níta. Páìpù bàbà ni ó so wọ́n pọ̀, gáàsì inú rẹ̀ sì ń gbé ooru yàrá jáde. Yàrá tí ẹ bá fi sí nìkan ni ó ń mú tutù.

Ti gbogbo ilé, ìyẹn sẹ́ńtírà, jẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gba ojú ọ̀nà fífẹ̀ lókè sílíìnì lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Kì í pariwo nínú yàrá, ó sì dára fún ilé ńlá tí iná kì í kú. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a ti ṣètò rẹ̀ láti ìgbà tí a bá ń kọ́ ilé. Bí ojú ọ̀nà náà bá sì ń jò, òkè sílíìnì ni owó yín ń mú tutù. Ètò ENERGY STAR ti ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé nínú ilé tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, afẹ́fẹ́ tí ń jò dànù báyìí tó ìdá 20 sí 30 nínú 100.

Ìmọ̀ràn mi

Fún ilé wa níhìn-ín, sípílíìtì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ má fi sí pálọ̀ àlejò. Yàrá tí bàbá àgbà, ìyá àgbà, aláboyún, ọmọ tuntun tàbí aláìsàn ń sùn ni kí ẹ fi sí.

Sípílíìtì hp 1 kì í sábà jẹ ju nǹkan bíi yúníìtì iná kan lọ ní wákàtí kan. Bí ẹ bá tàn án fún wákàtí 6 lóru, yúníìtì 6 nìyẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé yúníìtì kan sí naira 225 fún àwọn tó wà ní Band A. Ní iye yẹn, yàrá kan á ná yín ní naira 1,350 lóru kan. Ẹ wá ṣírò ti gbogbo ilé, pẹ̀lú àwọn yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn sí. Ẹ̀sìn wa kọ ìnákúnàá, títí dé orí omi àlùwàlá. Bí iná bá sì lọ, sólà tó mọ níwọ̀n lè gbé yàrá kan. Ti sẹ́ńtírà nira.

Ohun tó kan ìlera

Àwọn kan gbà pé amúlétutù ló ń fa otútù àyà. Kòkòrò àìsàn ló ń fà á. Otútù lásán kọ́. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni asẹ́ ẹ̀rọ tí eruku kún, nítorí ó lè mú kí ikọ́ fée dìde. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa fi omi fọ asẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó dá a padà.

Sípílíìtì kì í fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé; ti inú yàrá náà ni ó ń yí po. Bí ẹnì kan bá ń wúkọ́ nínú yàrá tí a tì pa, gbogbo ilé lè kó o. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ ṣí fèrèsé gbayawu. Ìwọ̀n 25 tó fún oorun. Ẹ má fẹ́ ẹ sí ọmọ tuntun lójú.

Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń mú èèyàn tọ̀, omi ara rẹ̀ tètè ń dínkù nínú ooru. Kí ó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ààwẹ̀ tó dé. Ínsúlínì tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni ibùgbé rẹ̀, ní ìwọ̀n 2 sí 8. Èyí tí a ti ń lò kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí ooru ti ju ìwọ̀n 30 lọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí sábẹ́ fèrèsé nítorí amúlétutù. Kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tíì ká ẹ̀rọ, kí ó fi sílíìnì sábẹ́ páànù, kí ó sì gbin dóńgóyárò sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé. Ìtura ńlá ni ìyẹn náà.

Kí Allah fún wa ní ìlera àti ìsinmi nínú ilé wa. Àmín.