ORÚKỌ WA NÍNÚ FÍÌMÙ ỌJỌ́ IWÁJÚ

 A mọ̀ pé ojú ewé ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú ni ọ̀pọ̀ yín máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yìí, a kò sì bá yín jà. Ṣùgbọ́n ní oṣù yìí a bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní àyè díẹ̀ kí a sọ̀rọ̀ lórí ohun tí àwọn ọmọ wa ń wò nígbà tí a bá ti sùn, èyíinì ni fíìmù àti géèmù tí ń fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ìtàn ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan akọ̀wé réluwé nínú ọ̀rọ̀ fíìmù. Ìdáhùn wa ni pé a fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré, a kò sì tíì dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ tí a ń jẹun nínú rẹ̀ yìí, ìtàn ọjọ́ iwájú ni ó jẹ́ nígbà kan rí. Bí ẹnì kan bá ti sọ ní Ìbàdàn ní 1850 pé irin yóò máa gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sáré láti Èkó wá, wọn ì bá ní kí wọ́n wá babaláwo fún un. Ní 1901 réluwé dé Ìbàdàn. Ní 2016 ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, à ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò ní Ìdú, kò sì sí ẹni tí ó ń ya ẹnu. Nítorí náà ìtàn ọ̀la kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Ohun tí àwọn kan ń rò lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò bá.

Àwọn àgbà ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni a fẹ́ fi wọn àwọn fíìmù àti géèmù wọ̀nyí wò. Nígbà tí àwọn tí ń sọ ìtàn ọ̀la bá dé orí ọ̀rọ̀ wa, orúkọ wo ni wọ́n fún wa? Ṣé wọ́n tilẹ̀ wo ilé wa kí wọ́n tó sọ ọ́?

ORÚKỌ TÍ Ó DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀ NÍ ÀBÚJÁ

Ní 2009 ni fíìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ District 9 jáde. Neill Blomkamp, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó darí rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ lọ báyìí: ní 1982 ọkọ̀ ńlá kan láti ojú ọ̀run wá dúró sórí ìlú Johannesburg, àwọn ẹ̀dá àjèjì tí ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n kó wọn sí àgọ́, wọ́n ń fi ìyà jẹ wọ́n, wọ́n sì tún fẹ́ lé wọn kúrò níbẹ̀. Orúkọ fíìmù náà ń rán ènìyàn létí District Six ní Cape Town, àdúgbò tí ìjọba aláwọ̀ funfun sọ di ti òyìnbó nìkan ní 1966, tí wọ́n sì lé àwọn ènìyàn tí ó ju 60,000 lọ kúrò nínú rẹ̀.

Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, fíìmù náà dára. Ẹni tí ó bá ti jẹ́ àlejò ní ìlú onílùú rí, bí àwa ṣe jẹ́, yóò mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n fi wá sí. Àwọn ọ̀daràn tí ń ra ohun ìjà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀dá náà, tí wọ́n gbàgbọ́ pé bí àwọn bá jẹ ẹran ara wọn àwọn yóò ní agbára wọn, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n pè wọ́n. Wọ́n sì sọ olórí wọn ní Obesandjo. Orúkọ yìí kò jìnnà sí orúkọ ẹni tí ó ti jẹ́ Ààrẹ wa títí di 2007, ọmọ Òwu láti Abẹ́òkúta.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, olóògbé Dora Akunyili, tí ó jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ìròyìn nígbà náà, ní kí àwọn ilé sinimá ní Àbújá níbí má ṣe fi fíìmù náà hàn mọ́. Ó ní kí ilé iṣẹ́ Sony tọrọ àforíjì, kí wọ́n sì yọ orúkọ náà kúrò. Nínú oṣù kan náà ni ìpolówó ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 tún fi ọmọ Nàìjíríà ṣe yẹ̀yẹ́ gẹ́gẹ́ bí oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Fún ti ìpolówó yìí, Sony tọrọ àforíjì, ó sì mú un kúrò. Ṣùgbọ́n orúkọ Obesandjo ṣì wà nínú fíìmù náà títí di òní.

Èrò tiwa nìyí. Mínísítà náà jàre láti bínú, nítorí fíìmù tí ń wàásù pé kí a má ṣe kẹ́gàn àlejò kò yẹ kí ó tún máa kẹ́gàn àlejò mìíràn. Ṣùgbọ́n ìfòfindè kò tán an. Fíìmù tí wọ́n lé ní ẹnu ọ̀nà sinimá gba ojú fèrèsé wọlé, ó wà nínú àwo, lẹ́yìn náà ó wà nínú fóònù. Ìdáhùn tí ó dára jù wà ní ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú Àbújá yìí gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Lúgbè mọ ibẹ̀: ibùdó ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú, tí a ń pè ní Obasanjo Space Centre. Ní 2003 Nàìjíríà fi sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ rẹ̀, NigeriaSat-1, ránṣẹ́ sí òkè láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 2005, ó wà lára àwọn sátẹ́láìtì tí ó fi àwòrán ibi tí ìjì náà ti jà ránṣẹ́. Ní 2011, NigeriaSat-X tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tiwa kọ́ ní England tún gòkè lọ.

Ẹ ò rí i bí? Nínú fíìmù, ẹni tí ń jẹ orúkọ tí ó jọ ti Ọbásanjọ́ ń fẹ́ jẹ àjèjì ojú ọ̀run ní ẹran. Ní Àbújá gidi, ilé tí ń jẹ orúkọ Ọbásanjọ́ ni a ti ń ṣe ìtọ́jú ohun tí ń yí ayé po lókè. Ẹni tí ó sọ wá lórúkọ yẹn kò wo ilé rárá.

Irú rẹ̀ kò sì tán síbẹ̀. Ní 2016, nínú Captain America: Civil War, Èkó ni ibi tí ilé ti gbiná, ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ya Èkó ọ̀hún. Ní 2018, nínú Black Panther tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún, ìgbà tí ìtàn náà kọ́kọ́ dé Nàìjíríà, igbó Sambisa ni, níbi tí àwọn ajínigbé ti ń kó àwọn obìnrin lọ. Sambisa kì í ṣe irọ́, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ibi ọgbẹ́ nìkan ni àlejò ń nà mọ́ni, a ó bi í bóyá kò rí ojú wa.

ÀKÀNDÉ ÒGÚNDÌMÚ

Nínú géèmù, nǹkan tètè yí padà díẹ̀. Ilé iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà ṣe géèmù kan tí ń jẹ́ Overwatch, tí ó jáde ní 2016. Ìlú kan wà nínú rẹ̀ ní Áfíríkà tí ń jẹ́ Numbani, níbi tí ènìyàn àti róbọ́ọ̀tì ti ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Ní 2017 wọ́n fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan kún un, Efi Oladele, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin láti máa ṣọ́ ìlú. Orúkọ róbọ́ọ̀tì náà ni Orisa. Ní ọdún kan náà ni Doomfist dé, ọkùnrin alágbára tí apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Akande Ogundimu, ọmọ Nàìjíríà, láti ìdílé tí ń ṣe apá àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn ènìyàn.

Àwa kò lè fi ìdùnnú wa pamọ́. Ọmọ Ọládélé ní ń kọ́ ẹ̀rọ! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Efi kì í ṣe orúkọ Yorùbá tí àwa mọ̀. Orúkọ Òrìṣà tí wọ́n fún ẹ̀rọ sì ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé: onígbàgbọ́ ń bínú, mùsùlùmí ń mi orí, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ sì ń béèrè pé ta ni ó fún wọn láṣẹ. Lójú tiwa, wọ́n gbìyànjú. Wọ́n wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n láti ojú fèrèsé ni wọ́n ti wò ó.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ wa níbí. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wà tí wọ́n bí sí Kúbwà. Ìyá bàbá rẹ̀ wá kí wọn láti Òṣogbo, bí ọmọ náà sì ti wọlé láti ilé ìwé ni màmá na ọwọ́ sí i, ó ní, “Àkàndé, ọkọ mi, káàbọ̀.” Ọmọ náà dúró, ẹnu yà á, ó béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bí màmá náà ṣe mọ Doomfist. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ojú ti bàbá. Àkàndé ni oríkì ọmọ náà láti ọjọ́ ìkómọjáde. Ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí ní Àbújá. Amẹ́ríkà ni ó ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí àwa kò bá di ìjánu náà mú, ẹlòmíràn yóò dì í mú.

NÍGBÀ TÍ ỌMỌ ILÉ SỌ Ọ́ FÚNRA RẸ̀

Àwọn ọmọ wa kò káwọ́ gbera. Ní 2010 Níyì Akínmọ́láyàn gbé fíìmù Kájọlà jáde, ìtàn Èkó ní ọdún 2059, nígbà tí àwọn olówó yóò ti gba Erékùṣù, tí wọn yóò sì fi tálákà sílẹ̀ ní òdìkejì. Àwòrán rẹ̀ kò dán tó, àwọn òǹwòran ráhùn, àwọn sinimá sì mú un kúrò. Àwa kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà ni ẹ̀gún máa ń gún. Orúkọ tí ó sọ fíìmù náà sì dára ju gbogbo èyí tí a ti kà sókè lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Kugali dé. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ni: Tolu Olowofoyeku àti Fikayo Adeola, ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Hamid Ibrahim, ọmọ Uganda. Ìtàn alárà-ńbarà ni wọ́n ń yà sí ìwé. Ní 2019 wọ́n sọ fún àwọn oníròyìn BBC pé àwọn yóò na Disney. Dípò kí Disney bínú, ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 2024, fíìmù ọlọ́nà mẹ́fà tí wọ́n jọ ṣe jáde, Iwájú ni orúkọ rẹ̀. Èkó ọ̀la ni: ọkọ̀ ń fò lókè, Tọ́lá ọmọ olówó ń gbé ní Erékùṣù, Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó mọ tinú tòde ẹ̀rọ ń gbé ní òdìkejì, alángbá tí ń jẹ́ Otin sì jẹ́ róbọ́ọ̀tì tí ń ṣọ́ Tọ́lá. Ilé iṣẹ́ Maliyo ní Èkó tún ṣe géèmù orí fóònù láti inú rẹ̀, níbi tí ọmọdé ti ń se oúnjẹ wa fún oníbàárà.

Ajínigbé wà nínú Iwájú náà, Bode Dasilva. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ rẹ̀. Ọmọ wa ni ajínigbé, ọmọ wa ni ẹni tí wọ́n fẹ́ jí, ọmọ wa sì ni ó gba ara rẹ̀ là. Kò sí ẹni tí ó wá gbà wá láti òkè òkun. Bí ilé ṣe rí gan-an nìyẹn, rere àti búburú nínú yàrá kan náà. Ní 2025 Ìyanu tí Roye Okupe dá sílẹ̀ tún dé sórí Cartoon Network, ìtàn ọmọbìnrin òrukàn kan ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́.

Síbẹ̀, a ní ẹjọ́ méjì. Èkíní, nígbà tí Iwájú jáde lórí Disney+, Disney+ kò tíì ṣí ilẹ̀kùn ní Nàìjíríà. A gún iyán lọ́jà, ará ilé kò rí jẹ. Èkejì, Gẹ̀ẹ́sì ni Tọ́lá àti Kọ́lé ń sọ, Yorùbá kàn jẹ́ iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sí i. Nínú Black Panther, èdè Xhosa ti Gúúsù Áfíríkà ni àwọn ọba Wakanda ń sọ, kò sì ní kí fíìmù náà má tà. Ní 1938 D. O. Fágúnwà kọ ìtàn ọdẹ àti iwin ní Yorùbá ponbele, a sì ń kà á títí di òní. Ṣé èdè tí ó tó fún igbó irúnmọlẹ̀ kò wá tó fún ojú ọ̀run?

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

A kò ní kí ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ohun tí a ń wí ni pé kí ẹ jókòó tì í. Bí fíìmù bá parí, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorùbá: Ta ni wọ́n sọ lórúkọ wa níbẹ̀? Ṣé bí a ṣe rí nìyẹn? Bí ìwọ ni, báwo ni ìwọ ìbá ṣe sọ ọ́? Bí Yorùbá ọmọ náà bá ń kọsẹ̀, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ mú un lọ́wọ́ dání. Kí ẹ sì pè é ní oríkì rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má ṣe jẹ́ pé inú géèmù ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

A tún mú àbá kan wá fún ìpàdé tí ń bọ̀. Kí gbogbo ọmọ wa láti ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún, ní Nyanya, Kúbwà, Lúgbè àti Gwágwáládà, kọ ìtàn ojú ewé kan ní Yorùbá lórí Àbújá ní ọdún 2060. Kí akọ̀wé Ẹgbẹ́ gbà á. Àwa yóò da àwọn tí ó dára kọ sínú ìwé ìròyìn yìí, ní ojú ewé kan náà pẹ̀lú orúkọ àwọn ọmọ tuntun, kí àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lè bá ọ̀la tí àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti sọ lórúkọ.