Ẹrù Tí Ó Ṣáájú Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Dé: Bí Kernel Ṣe Ń To Àwọn Ègé Tí Kò Dé Létòlétò

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí kernel, èyíinì ni apá tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ń gbà to àwọn ègé ìsọfúnni tí wọ́n bá gba orí ìsokọ́ra ẹ̀rọ wá láìtẹ̀lé ara wọn. Ó rọrùn láti rò pé ọ̀rọ̀ títò nìkan ni, àti pé bí nọ́ńbà bá ti wà lára ègé kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ti bùṣe. Èrò tiwa ni pé títò ni ó rọrùn jù nínú iṣẹ́ náà. Ibi tí ó ti le ni ìpamọ́: ègé mélòó ni ó yẹ kí kernel gbà pa mọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ rí? Báwo ni yóò ṣe kó wọn jọ tí yóò fi tètè rí wọn? Èwo ni yóò sì dànù nígbà tí àyè bá tán? Ìdáhùn tí a fún ìbéèrè kẹta yìí ní ọdún 2016 ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn alátakò tí a wá gbọ́ nípa wọn ní ọdún 2018, gẹ́gẹ́ bí a ó ti fi hàn.

Kí a tó lọ jìnnà, ọ̀rọ̀ kan lórí èdè. "Ègé" ni a ó máa lò fún ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní segment. Àwọn kan lè fẹ́ "ìpín", ṣùgbọ́n ìpín ti ní ìtumọ̀ mìíràn tí ó ti wọ̀ ọ́ lára ní èdè wa. Ègé ni ohun tí a gé lára odidi, bí ègé iṣu. Ẹni tí ó bá sì rí i mọ̀ pé odidi kan wà tí ó ti wá.

Ìlérí TCP

Vinton Cerf àti Robert Kahn ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ àlàyé ìlànà yìí jáde ní ọdún 1974. Ẹ̀dà tí àwọn oníṣẹ́ kernel fi ṣe ìwé àtẹ̀lé fún ogójì ọdún àti díẹ̀ ni RFC 793 ti ọdún 1981, kí RFC 9293 tó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2022. Ìlànà IP tí ó wà nísàlẹ̀ TCP kò ṣe ìlérí kankan: ó lè sọ ẹrù nù, ó lè gbé ẹrù kan dé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè jẹ́ kí ẹrù ẹ̀yìn ṣáájú tiwájú, pàápàá nígbà tí wọ́n bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. TCP ní tirẹ̀ ṣe ìlérí fún ètò tí yóò ka ìsọfúnni náà pé báìtì yóò máa tẹ̀ lé báìtì, láìsí àlàfo, láìsí àtúnsọ. Kernel ni ó wà láàárín ìsàlẹ̀ tí kò ṣèlérí àti òkè tí a ṣèlérí fún.

Kí a mú àpẹẹrẹ kan. Báìtì ni TCP ń kà, kì í ka ègé. Ká ní báìtì 5,001 títí dé 6,000 ti dé, ètò sì ti kà wọ́n. Nọ́ńbà tí kernel ń retí báyìí ni 6,001. Ṣùgbọ́n ègé tí ó wọlé gbé 7,001 títí dé 8,000. Kernel kò lè gbé e fún ètò, nítorí àlàfo wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá sì dà á nù, olùfiránṣẹ́ yóò tún un rù wá láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fèsì lójú ẹsẹ̀ pé 6,001 ni òun ṣì ń retí. Bí 8,001 títí dé 9,000 bá tún wọlé, èsì kan náà ni yóò fọ̀. Láti ọdún 1988, nínú ẹ̀dà BSD tí a mọ̀ sí Tahoe, ni olùfiránṣẹ́ tí ó bá gba irú èsì àtúnsọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ti ń gbà pé ègé náà ti sọnù, tí yóò sì tún un fi ránṣẹ́ láìdúró de aago. Nígbà tí 6,001 títí dé 7,000 bá dé níkẹyìn, kernel yóò so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nọ́ńbà tí ó ń retí yóò sì fò dé 9,001 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun méjì kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò nínú ìtàn tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé nọ́ńbà náà kì í ṣe aláìlópin. Bíìtì 32 ni a fún un, èyí tí ó jẹ́ nọ́ńbà 4,294,967,296, lẹ́yìn náà yóò padà sí òdo. Lórí okùn tí ó ń gbé bílíọ̀nù 10 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kí òǹkà náà tó yí po. Kò tó, nígbà náà, kí kernel béèrè pé nọ́ńbà wo ni ó tóbi jù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó ń wò, kí ó tó mọ èyí tí ó ṣáájú. Ìdí nìyí tí a fi fi àmì àsìkò kún ìlànà náà ní ọdún 1992, kí ègé àtijọ́ tí ó ti pẹ́ lọ́nà má baà wọlé bí ọ̀tun.

Èkejì ni pé àwọn ègé lè gun ara wọn: ọ̀kan gbé 7,001 títí dé 8,000, òmíràn gbé 7,501 títí dé 8,500, ohun tí ó wà níbi tí wọ́n ti pàdé kò sì bá ara mu. Ti ta ni a ó gbà? Olùfiránṣẹ́ olóòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Thomas Ptacek àti Timothy Newsham fi hàn ní ọdún 1998 pé kernel kan a máa gba ti àkọ́dé, òmíràn a máa gba ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ̀rọ tí a fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lè tipa bẹ́ẹ̀ ka iṣẹ́ kan, kí olùgbà sì ka òmíràn.

Ibi ìpamọ́

Nígbà tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde ní ọdún 1983, ìlà tí a so ọ̀kan mọ́ èkejì ni kernel náà ń kó àwọn ègé tí ń dúró sí. Bí ègé tuntun bá dé, kernel yóò máa rìn lórí ìlà náà láti orí títí yóò fi rí àyè rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí nígbà náà. Fèrèsé, èyíinì ni ìwọ̀n ohun tí olùgbà yọ̀ǹda pé kí a fi ránṣẹ́ ṣáájú èsì, kò lè ju 65,535 báìtì lọ. Ègé tí ó gbé 1,460 báìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ lórí Ethernet, kò lè pé 45 nínú rẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ márùndínláàádọ́ta kì í pa ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n a mú fèrèsé náà gbòòrò ní ọdún 1992. Bí ó bá fẹ̀ dé mílíọ̀nù 6 báìtì, ègé tí ó lè máa dúró lé ní 4,000. Kí a wá rò ó wò: ègé kan sọnù ní iwájú, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin wà lẹ́yìn rẹ̀, àlàfo mìíràn sì wà káàkiri àárín wọn. Gbogbo ẹni tí ó bá ń bọ̀ ni yóò rin ìlà náà. Yaogong Wang ni ó pa ìlà náà tì nínú Linux 4.9, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ó sì fi irú igi tí a ń pè ní red-black tree rọ́pò rẹ̀. Igi yìí a máa tún ara rẹ̀ ṣe kí ẹ̀ka kan má baà gùn ju ìyókù lọ ní àlọjù. Nínú 4,000, ìfiwéra tí ó tó méjìlá tàbí tí ó lé díẹ̀ ni a ó fi rí àyè ègé tuntun. A tún ń pa ìdí igi náà mọ́ lọ́tọ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí àlàfo bá ti ṣí, ègé tí ó kù sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn wá, ìdí náà gan-an sì ni àyè wọn.

Kí ni a ó dànù?

Níbí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Àyè ìpamọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ègé tí ó gbé báìtì kan ṣoṣo a sì máa gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún báìtì fún àkọsílẹ̀ tí kernel ń ṣe nípa rẹ̀. Nígbà tí àyè bá tán, ohun kan gbọ́dọ̀ lọ. Ìlànà gbà á láàyè: RFC 2018 ti ọdún 1996 fún olùgbà ní ọ̀nà láti sọ pé òun ní àwọn ègé kan lẹ́yìn àlàfo lọ́wọ́, síbẹ̀ ó jẹ́ kí ó lè da wọ́n nù lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí olùfiránṣẹ́ kò fi gbọdọ̀ ju ẹ̀dà tirẹ̀ sọnù títí àlàfo yóò fi dí.

Linux àtijọ́ a máa da gbogbo ègé tí ń dúró nù lẹ́ẹ̀kan náà. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, a sì rí i pé èyí ń fìyà jẹ olùfiránṣẹ́ olóòótọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nínú Linux 4.9 yìí kan náà ni Eric Dumazet ti yí i padà: ìdí ni kernel yóò ti máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tí ó jìnnà jù sí àlàfo, yóò sì dúró ní gbàrà tí àyè bá ti tó. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni èyí, a kò sì rí ẹni tí yóò kọ̀ ọ́ bí ó bá kà á lórí ìwé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni a kéde ohun tí Juha-Matti Tilli ṣàwárí, tí a sọ ní SegmentSmack. Alátakò yóò ṣí ìsopọ̀ tòótọ́, yóò máa fi ègé tíntìntín ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn, kò sì ní dí àlàfo àkọ́kọ́ láéláé. Nígbà tí àyè bá kún, ègé tuntun kọ̀ọ̀kan yóò mú kí kernel gbìyànjú láti pa àwọn tí ń dúró pọ̀ kí wọ́n lè gba àyè díẹ̀. Yóò la gbogbo wọn já, kò ní rí nǹkan gidi kó, yóò da ọ̀kan nù, yóò gba ọ̀kan, àyè yóò sì tún kún. Ègé tí kò tó 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó láti gbé irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ dúró. Igi tí a yìn lókè kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí, nítorí pé kì í ṣe wíwá àyè ni ó ń jẹ agbára ẹ̀rọ, bí kò ṣe àyẹ̀wò odidi igi náà fún ẹ̀bùn ègé kan. Ìtùnú kan ṣoṣo ni pé alátakò kò lè fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn bojú, nítorí ìsopọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tòótọ́ ní ìhà méjèèjì.

Àtúnṣe Linux fi ọgbọ́n hàn. Bí dídànù bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró títí ìdá kan nínú mẹ́jọ àyè ìgbàwọlé yóò fi ṣófo. Bí kernel bá sì rí i pé tíntìntín ni àwọn ègé tí òun ń gbìyànjú láti pa pọ̀, yóò jáwọ́. Báyìí ni owó àyẹ̀wò kan ṣe di ohun tí ọ̀pọ̀ ègé jọ ń san. FreeBSD, tí ó ní irú àìsàn kan náà, kọ́kọ́ gba ọ̀nà tí ó rọrùn jù: ó fi òté lé e pé ègé tí ń dúró lórí ìsopọ̀ kan kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Ó dájú, ó sì yára ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ka ìṣirò wa lórí fèrèsé mílíọ̀nù 6 báìtì yóò mọ irú ẹni tí òté náà yóò kọ́kọ́ ba. Ti Linux ni a yàn.

Iṣẹ́ yìí kò dá lé kernel nìkan mọ́. Nínú QUIC, tí a gbé kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí RFC 9000 ní ọdún 2021, ètò tí ń lo ìsopọ̀ náà ni ó sábà máa ń to àwọn ègé fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ odò ìsọfúnni ni a sì ń dà pọ̀ lórí ìsopọ̀ kan, tí àlàfo inú ọ̀kan kò fi dá òmíràn dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ìwé náà ya abala kan sọ́tọ̀ fún alátakò tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ kí olùgbà lè máa pa ẹrù mọ́ lásán.