Àwọn tó ń jẹun kiri lórí tẹlifíṣọ̀n: ṣé wọ́n mọ orúkọ ẹni tó sè é?

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Igolo, tí àwọn ìyá olóúnjẹ bá tan iná sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò wọn létí títì, fóònù ló ń wà lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró de oúnjẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń wò ni ètò àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń jẹun lójú kámẹ́rà.

Èrò àwọn ènìyàn wa kò ṣọ̀kan lórí ètò wọ̀nyí. Àwọn kan ní ó dára, torí ó ń jẹ́ kí ayé mọ̀ pé àwa náà ní oúnjẹ gidi. Àwọn mìíràn ní kò dára tó: àlejò á bu òkèlè méjì, á ní ó dùn, á lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ orúkọ ẹni tó dúró ti iná. Lójú tiwa, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, torí pé atọ́kùn ètò kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, Netflix gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ High on the Hog. Inú ìwé Jessica B. Harris, onímọ̀ nípa oúnjẹ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mú un. Orílẹ̀-èdè wa Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Stephen Satterfield tó jẹ́ atọ́kùn rẹ̀ bá Harris wọ ọjà Dantokpa ní Kútọnu. Ètò náà dé Ganvié lórí omi, ó sì dé Ouidah, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá òkun. Níbẹ̀ ni Satterfield ti sunkún. Ohun tó wù wá nínú ètò yìí ni pé kò fi oúnjẹ ṣeré lásán. Ilá tí à ń tà lọ́jà wa bá àwọn ẹrú ilẹ̀ Áfíríkà dé Amẹ́ríkà. Ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gumbo ní Louisiana, láti ara orúkọ ilá ní èdè Áfíríkà ni orúkọ rẹ̀ ti wá.

Anthony Bourdain náà wà níbẹ̀. Alásè ni ní New York kó tó di atọ́kùn. Ó wá sí Èkó fún ètò Parts Unknown ti CNN, tí wọ́n fi hàn ní ọdún 2017, kó tó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2018. Ní ọdún 2016, òun àti Barack Obama, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, jókòó sórí àga ike kéékèèké ní Hanoi, olú ìlú Vietnam. Wọ́n jẹ bún chả, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun pẹ̀lú núdù. Dọ́là 6 péré ni Bourdain san. Orúkọ ilé oúnjẹ náà, Hương Liên, sì tàn káyé. Wọ́n fi gíláàsì bo tábìlì yẹn, àwọn àlejò sì ń wá wò ó. Àwa tá a mọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun Adjarra mọ̀ pé adùn nìkan kọ́ ló ṣe èyí. Ẹnì kan ló dárúkọ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n Kútọnu, Ouidah àti Èkó ni kámẹ́rà máa ń sáré lọ, kì í sábà yà sí ọ̀nà tiwa. Bẹ́ẹ̀, èrò tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ àti èyí tó ń bọ̀ láti Ìdí-Ìrókò, ìdí ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun ní Igolo. Náírà àti sefà ń bọ́ sínú igbá kan náà. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó kéde pé kí wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò. Ẹni tó ń sè fún awakọ̀ àti èrò, bí ọkọ̀ kò bá kọjá, ta ni yóò bu oúnjẹ fún? Atọ́kùn tó bá sọ adùn ọbẹ̀, tí kò sọ ọ̀nà tí èròjà rẹ̀ gbà wá, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Nítorí náà, a kò gbọ́dọ̀ jókòó máa retí àlejò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tẹ́ ẹ ń fi fóònù ya fídíò, ẹ kọ́kọ́ kí ìyá olóúnjẹ. Ẹ tọrọ àyè. Ẹ ra oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì sanwó rẹ̀. Ẹ pe oúnjẹ náà ní orúkọ tí à ń pè é nílé. Bí ìyá bá gbà, ẹ dárúkọ rẹ̀ àti ibi tó ń jókòó sí, kí ẹni tó bá wo fídíò lè wá a rí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ máa bi ẹni tó gbé kámẹ́rà wá léèrè ibi tó ń gbé àwòrán yín lọ. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí fídíò bá gba àyọ́nù lórí fóònù, ó yẹ kí ìkòkò yín náà tètè tán.