Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́: Ìmúra tó yẹ kí onípikọ́ọ̀pù ṣe létíkun Àgbádárìgì

Kò sí ọmọ Àgbádárìgì tí kò mọ irú òjò tó máa ń rọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó lè má dá títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀, òjò kì í dá ọjà dúró. Àgbọn gbọ́dọ̀ kúrò lóko, ẹja gbọ́dọ̀ kúrò létí omi, ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láàárọ̀ kò sì gbọdọ̀ sùn sọ́nà. Pikọ́ọ̀pù ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò fi ń kó ẹrù wọn lọ sí ọjà Agbalata, tàbí kí wọ́n gba òpópónà márosẹ̀ lọ sí ìgboro Èkó.

Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú sínú àgbàrá, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ló wọ gbèsè. Ìyá tó gba ẹja láwìn, tó sì ti ṣèlérí pé òun yóò sanwó bí òun bá ti tajà tán, òun náà ti wọ wàhálà. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ẹ̀mí lè lọ sí i. Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí onípikọ́ọ̀pù múra de òjò kí ó tó dé.

Àwọn òyìnbó tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ kò fi irú ìmúra yìí ṣeré. Kí òtútù tó dé ni àwọn ará Kánádà ti máa ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀ wọn, tí wọ́n á sì yẹ omi ràdíétọ̀ àti bátìrì wò. Ní Jámánì, láti ọdún 2010 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀ lórí yìnyín gbọ́dọ̀ lo táyà tó bá a mu. Yìnyín kì í bọ́ ní Àgbádárìgì, ṣùgbọ́n òjò, ẹrẹ̀, iyanrìn àti iyọ̀ òkun ń ṣe fún ọkọ̀ níbí ohun tí yìnyín ń ṣe lọ́hùn-ún.

Ọkọ̀ tó ti rí yìnyín rí

Ọ̀pọ̀ pikọ́ọ̀pù tokunbo tó ń ná ọ̀nà yìí ló wá láti ilẹ̀ olótùútù. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnu ibodè orí ilẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2017, èbúté Kútọnu ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, tí wọ́n á sì ti Seme wọlé. Àmì ibi tí wọ́n ti wá ṣì wà lára wọn. Àwọn kan wà tí wáyà tó ní orí púlọ́ọ̀gì iná ń yọ jáde níwájú wọn. Iná ilé ni wọ́n ń ki í bọ̀ ní Kánádà lóru, kí ẹ́ńjìnnì má baà dì.

Èyí tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fojú sí ni abẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n máa ń dà sójú títì lọ́hùn-ún kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà á sì máa jẹ irin ṣaasí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tuntun lè bo ara ọkọ̀, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹrà. Kí ẹni tó fẹ́ rà á mú mẹkáníìkì dání, kí ó wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó fi irin kan ṣaasí àti páìpù bíréèkì wò. Ibi tí irin bá ti ń ya bíi páálí, kò yẹ kí èèyàn náwó lé e.

Táyà lẹsẹ̀ ọkọ̀

Nínú àwọn táyà tokunbo, àwọn kan wà tó jẹ́ pé torí yìnyín ni wọ́n ṣe ṣe wọ́n. Wọ́n máa ń ya òkè olórí mẹ́ta àti ẹyọ yìnyín kan sí i lára. Rọ́bà irú táyà bẹ́ẹ̀ rọ̀, torí òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Bí oòrùn wa bá pa á, kíá ni yóò jẹ tán, kì í sì í tètè dúró bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà ní ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2219, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Kí oníbàárà wò ó kí ó tó sanwó fún fọkanáísà.

Ohun kẹta ni ojú táyà. Àwọn ilà tó jinlẹ̀ lójú táyà ló ń fọn omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti jẹ tán, ọkọ̀ tó ń sáré yóò léfòó lórí omi bí ọkọ̀ ojú omi, ọwọ́ awakọ̀ kò sì ní ká a mọ́. Òkìtì rọ́bà kéékèèké kan wà nínú àwọn ilà náà, èyí tí gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1.6. Bí ojú táyà bá ti bá a dọ́gba, táyà náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti àwọn tó ń wakọ̀ wọ orí iyanrìn etíkun lọ gbé ẹja, afẹ́fẹ́ táyà ni wọ́n ń dín kù. Bí géèjì rẹ̀ bá jẹ́ 35 tẹ́lẹ̀, wọ́n lè dín in kù sí nǹkan bí 20 kí táyà lè tẹ́ sílẹ̀, kí ó má baà rì. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tún un fọ́n kí wọ́n tó padà sórí ọ̀dà, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́.

Iyọ̀ òkun kò mọ ọkọ̀ olówó

Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ rìn. Ọkọ̀ tó bá sùn létíkun, bí kò tilẹ̀ kan omi, iyọ̀ ti bà lé e. Omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ni kí wọ́n fi fọ abẹ́ rẹ̀ lóòrèkóòrè, kì í ṣe omi ọ̀sà. Kí wọ́n fi gíríìsì pa orí bátìrì. Àwọn kan máa ń fi ẹ́ńjìn-ọ́ì àlòkù kun abẹ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n epo yìí ń ba rọ́bà àti họ́ọ̀sì bíréèkì jẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún abẹ́ ọkọ̀ ló dára jù.

Omi pàǹtìrì tàbí omi oníyọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ràdíétọ̀ pẹ̀lú. Oògùn ràdíétọ̀ tí ọkọ̀ tokunbo bá wá kò wúlò fún òtútù nìkan. Kì í jẹ́ kí omi tètè hó, kì í sì í jẹ́ kí irin inú ẹ́ńjìnnì dípẹtà. Kò yẹ kí wọ́n dà á nù láti fi omi lásán rọ́pò rẹ̀.

Bí omi bá bo ọ̀nà

Ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì lápá Okokomaiko, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ apá Agbara sí Seme jáde ní ọdún 2018. Ẹni tó ti ń ná ọ̀nà yìí tipẹ́ mọ̀ pé bí omi bá ti bo kòtò, kò sẹ́ni tó lè fojú wọn bó ṣe jìn tó.

Omi tó bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké. Bí ó bá tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tó sì ń ṣàn, ó lè gbé pikọ́ọ̀pù lọ tẹrùtẹrù. Bí awakọ̀ kò bá rí ilẹ̀, kí ó dúró. Oríṣiríṣi ẹrù la lè tún rà, ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Bí omi kò bá pọ̀, jíà kìíní ni kí ó fi wọ̀ ọ́, kí ó máa rọra lọ láìdúró. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, kò gbọdọ̀ tún un sítáàtì. Omi tó bá ti gba ẹnu fílítà wọ ẹ́ńjìnnì kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, yóò sì tẹ ọ̀pá irin tó di písítìnì mú. Kí wọ́n fà á jáde, kí mẹkáníìkì tú púlọ́ọ̀gì tàbí nọ́súlù rẹ̀, kí wọ́n lé omi náà jáde. Sítáàtì kan ṣoṣo tí wọn kò ní sùúrù fún lè di owó ẹ́ńjìnnì tuntun.

Bí ó bá jáde ní àlàáfíà, kí ó máa tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́ kí ó lè gbẹ. Kí wọ́n wo epo ààsù ẹ̀yìn náà. Bí ó bá ti funfun bí omi ògì, omi ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń lo dísù, kí wọ́n máa ṣí ẹ̀rọ kékeré tó wà nísàlẹ̀ fílítà rẹ̀ kí omi inú epo lè dà nù.

Ẹrù àti èèyàn

Pikọ́ọ̀pù tí kò ru ẹrù, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì máa ń yọ̀ lójú ọ̀nà tútù. Àpò iyanrìn ni àwọn ará ilẹ̀ yìnyín ń kó sẹ́yìn tiwọn. Bí wọ́n bá di àpò méjì mọ́ orí ààsù ẹ̀yìn dáadáa níbí náà, yóò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àpọ̀jù ẹrù náà kò dára. Bí ẹ̀yìn bá rì, iwájú á gbé sókè, ìdarí ọkọ̀ á fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, iná rẹ̀ á sì máa mọ́ sójú ẹni tó ń bọ̀.

Ti àwọn tó ń jókòó lé orí àpò àgbọn ló wá burú jù. Kò sí ohun tó dì wọ́n mú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì nínú òjò, ilẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ó sàn kí ìyá olọ́jà wọ ọkọ̀ èrò, kí ẹrù rẹ̀ sì bá pikọ́ọ̀pù lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan ni àjọ NiMet, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, máa ń kéde bí òjò yóò ṣe rí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí oṣù kẹrin tó wọlé ló yẹ kí táyà, wáípà, iná àti bíréèkì ti pé. Òjò sì máa ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kí ó tó padà ní oṣù kẹsàn-án. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè lo àkókò ìsinmi yìí láti parí ohun tó kù, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bíréèkì àti táyà.